Ohùn Inú Kásẹ́ẹ̀tì

Àwọn àgbà sọ pé bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ló mú kí babaláwo máa dífá ní ọrọọrún. Ọ̀pọ̀ ń fi òwe yìí sọ pé ayé ń yí, ṣùgbọ́n ìṣe babaláwo gan-an ló yẹ kí a wò níbẹ̀: kò sọ ọ̀pẹ̀lẹ̀ rẹ̀ nù nítorí pé ọjọ́ yí, bẹ́ẹ̀ ni kò gbára lé ohun tí Ifá sọ nígbà tó kọjá; ńṣe ló ń padà lọ béèrè.

Nígbà tí ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà gbé ohùn rédíò wọ ilé àwọn tó ń sanwó rẹ̀ ní Èkó ní 1935, ẹni tó ni àpótí náà kò lè yan ohun tí yóò gbọ́, kò sì lè dá a lóhùn. Asọ̀rọ̀mágbèsì tí àwọn bàbá wa ń pe rédíò bá a mu rẹ́gí nígbà náà. Tẹlifíṣọ̀n dé Ìbàdàn ní 1959, fóònù GSM dé ní 2001, lónìí olóòtú ètò orí rédíò kì í tíì parí ọ̀rọ̀ tí àwọn olùgbọ́ fi ń pè é láti fèsì.

Kásẹ́ẹ̀tì ló jẹ́ kí àwa aráalé lè gba ohùn ara wa sílẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù. Ìyá bàbá mi ki oríkì ìdílé wa sínú ọ̀kan níbi ìsọmọlórúkọ àbúrò mi. Nígbà tí mo wá a jáde lẹ́yìn ọdún púpọ̀ tí màmá ti lọ, mo ki bírò bọ ihò rẹ̀, mo rọra fi yí téèpù tó ti dẹ̀, síbẹ̀ rédíò tí mo yá jẹ ẹ́ gẹ́lẹ́ níbi tí wọ́n ti fẹ́ pe orúkọ ọmọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí irú kásẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ wà nísàlẹ̀ àpótí yín, ẹ tètè wá ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kí ẹ gbà á sórí fóònù, kí ẹ sì pín in fún àwọn ẹbí, torí fóònù náà ń jábọ́ sómi, olè sì ń gbé e. Bí ẹbí bá tún pàdé nígbà ọdún, ẹ béèrè ẹni tó ṣì ní i lọ́wọ́.

Mo fi sẹ́lótéèpù lẹ ojú ibi tí tiwa ti já. Ó ku nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin, àwa ọmọ-ọmọ mẹ́fà la sì ní i báyìí.