Dúdú ni gbogbo wa, àmọ́ ta ni àwọn ọmọ wa ń wò?

Òǹkàwé tó ní kí ló kan Èkìtì nínú ìròyìn nípa bí àwọn ọmọ dúdú ṣe ń hàn nínú kàtúùnù àti eré ọmọdé, pé dúdú ṣáà ni gbogbo wa, ṣé ó ti jókòó ti ọmọdé tó ń wo kàtúùnù rí? Ọmọ àbúrò mi ní Ìkẹ́rẹ́, bó bá ya ọmọ ọba, irun òyìnbó tó gùn dé ìdí ló máa ń fi sí i lórí. Ìkẹ́rẹ́ o, níbi tí Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀, ògbóǹtarìgì agbẹ́gilére, ti gbẹ́ ọba àti olorì sára òpó ààfin Ògògà! Òpó ọ̀hún ti wà ní Chicago báyìí, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Láàárín àwọn ọdún 1940, Kenneth Clark àti ìyàwó rẹ̀ Mamie, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, gbé ọmọlangidi dúdú àti funfun síwájú àwọn ọmọ dúdú ní Amẹ́ríkà. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ní funfun ló dára. Ta ló kọ́ wọn? Nígbà tí Sesame Street, eré àwọn ọmọdé lórí tẹlifíṣọ̀n, wá bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1969, tí dúdú àti funfun jọ ń gbé àdúgbò kan náà, ìgbìmọ̀ tẹlifíṣọ̀n ìjọba ní ìpínlẹ̀ Mississippi dìbò ní 1970 pé àwọn kò ní gbé e sáfẹ́fẹ́. Ariwo ta, wọ́n yí i padà láàárín oṣù kan. Ohun tí kò já mọ́ nǹkan kan, ta ní ń ṣèpàdé lé e lórí?

Kí ọmọdé máa rí ọmọ dúdú nínú eré wúlò fún ọmọ òyìnbó pàápàá. Àmọ́ kí wọ́n má kàn gbé ọmọ dúdú kan dúró sẹ́yìn kó máa rẹ́rìn-ín o. Kó ní orúkọ, kó ní ìyá tó ń bá a wí, kó jẹ́ òun gan-an ni eré dá lé.