Ọmọ Mi Kì í Ṣe Olódo

Láti àná ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí wọra, n ò lè dákẹ́ mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ló wá kí wa. Níwájú ọmọ mi gan-an ni wọ́n ti sọ pé mò ń fi ayé rẹ̀ ṣòfò, torí pé mo ń kọ́ ọ níwèé nílé dípò kí n rán an lọ sílé ìwé. Wọ́n ní ó yẹ kí wọ́n fòfin de irú ẹ̀kọ́ ilé bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo bíi ti Jámánì. Òótọ́ ni, Jámánì kò gbà á. Kódà, nígbà tí ìdílé kan pe ìjọba ibẹ̀ lẹ́jọ́, Ilé-Ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Yúróòpù dá ìjọba láre ní 2019. Ṣùgbọ́n gbogbo ìpínlẹ̀ 50 tó wà ní Amẹ́ríkà ló gbà á láàyè.

Ọ̀rọ̀ òfin kọ́ ló ń dùn mí. Ẹ̀gbọ́n mi ò sí nílé lọ́jọ́ tí ọmọ yìí mú ìwé èsì ìdánwò dé, ọmọ ọdún 8 ni nígbà náà, tí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé orí rẹ̀ kò yá. Àtìgbà náà ló ti ń pe ara rẹ̀ ní olódo. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ báyìí, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í run ún.

Mo mú un jókòó. Ọmọ yìí mọ ìṣirò! Ibì kan péré ló ti há: ó gbà pé ìdá kan nínú mẹ́rin tóbi ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, torí pé mẹ́rin ju mẹ́ta lọ. Kò sẹ́ni tó bi í, kíláàsì sì ti kọjá síwájú. (N ò bá olùkọ́ rẹ̀ wí o. Ọmọ 30 ló wà lọ́rùn rẹ̀.) A mú bébà àti sáàsì, a ń gé e, a ń gbé ọ̀kan lé èkejì. Ọjọ́ kẹrin ló pariwo: "Bí àwọn tó máa pín in bá ṣe ń pọ̀ sí i ni tẹnìkọ̀ọ̀kan á máa kéré sí i!" Omi bọ́ lójú mi.

Ní 1984, Benjamin Bloom, onímọ̀ ẹ̀kọ́ ará Amẹ́ríkà, kọ ọ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tayọ tí kò sì rẹ̀yìn, bó bá ní olùkọ́ tirẹ̀, á ṣe dáadáa ju nǹkan bí 98 nínú 100 àwọn tí wọ́n ń kọ́ pọ̀ ní kíláàsì. Ilé ìwé wo ló lè fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní olùkọ́ tirẹ̀? Èmi lè ṣe é fún tèmi. Wákàtí mẹ́ta láàárọ̀ ti tó wa.

Ẹ̀gbọ́n mi tún ní ọmọ yìí kò ní mọ bí èèyàn ṣe ń bá ẹgbẹ́ ṣe. Ẹgbẹ́ wo? Àwọn tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́?

Lálẹ́, lẹ́yìn tí ẹ̀gbọ́n mi lọ, àbúrò ọmọ mi yìí, ọmọ ọdún 5, wá bá mi. "Mọ́mì, mo fẹ́ lọ sílé ìwé. Mo fẹ́ ní ọ̀rẹ́ tí kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi."

Mo ní kó lọ sùn, pé a ó sọ ọ́ láàárọ̀. Ilẹ̀ ti mọ́ báyìí. N ò tíì mọ ohun tí n ó sọ fún un.