Duke Kú, Wọ́n Ní Mo Jogún

Ẹni tó bá ń gbé Durham ní North Carolina, tí kò fẹ́ràn Duke, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ yunifásítì ibẹ̀, ẹ̀rín ìkọ̀kọ̀ ló máa ń rín. Búlúù, àwọ̀ Duke, ni ìlú yìí. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́, mo rò pé bí ẹ bá gé e lọ́wọ́, búlúù ló máa ṣàn. Èmi, ẹgbẹ́ yunifásítì Houston ni mo ń ṣe. Wọ́n máa ń bi mí pé kí ló kàn mí kan Houston tí mi ò tiẹ̀ dé Texas rí. Mo ní Ọlájuwọ́n! Ọmọ Èkó tó ti ń ṣọ́ ilé nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, tó ti ń gbá handball, kí wọ́n tó gbé bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ tí ọmọ wa bá gbá fún, ẹgbẹ́ ìdílé wa nìyẹn. Ẹjọ́ tán.

Oṣù kẹta ọdún 2024, nínú ìdíje àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, Duke na Houston, 54 sí 51, torí pé Jamal Shead tiwa fi ọrùn ẹsẹ̀ rọ́. (Mi ò ní yé sọ ọ́.) Nígbà tí mo débi iṣẹ́, ọ̀gá mi dúró níwájú gbogbo wa, níwájú àwọn arúgbó tí à ń tọ́jú pàápàá, ó ní: "Ìwọ, ṣé wọ́n máa ń gbá bọ́ọ̀lù yìí lábúlé yín, àbí kìnnìún lẹ máa ń lé?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ní owó ilé láti san, kí ló tún fẹ́ ṣe? Ìyá arúgbó tí mo ń fi ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ rẹ́rìn-ín títí eyín àtọwọ́dá wọn fi já sínú ọbẹ̀. Èmi ni mo yọ ọ́. Èmi ni mo fọ̀ ọ́. Èmi náà ni mo tún ní "ẹ pẹ̀lẹ́, mà."

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, NC State, ẹgbẹ́ tí wọ́n tò sí ipò kọkànlá nínú mẹ́rìndínlógún, na Duke 76 sí 64. Ẹ ò mọ ìṣòro tó wà níbẹ̀. NC State ni mo kórìíra jù láyé! Àwọn ló gba ife mọ́ Ọlájuwọ́n lọ́wọ́ ní 1983, ní Albuquerque, 54 sí 52. Ẹnìkan ju bọ́ọ̀lù, kò tiẹ̀ dé inú apẹ̀rẹ̀, Lorenzo Charles bá hán an lófuurufú, ó rì í wọlé, aago kú. Ọlájuwọ́n mú àmì 20, ó gba bọ́ọ̀lù 18 bọ̀ lójú òfuurufú, wọ́n ní òun ló dára jù nínú gbogbo wọn, wọ́n wá gbé ife fún ẹlòmíì. "Iṣẹ́ rẹ wú wa lórí gan-an, ṣùgbọ́n ẹlòmíì la mú." Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kún inú fóònù mi. Mo ṣáà pàtẹ́wọ́ fún NC State lálẹ́ ọjọ́ náà. Lẹ́yìn náà mo lọ fọwọ́.

Ẹgbẹ́ 68 ló ń bẹ̀rẹ̀ ìdíje yìí nígbà náà, bí wọ́n bá ti nà ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ilé yá. Ibẹ̀ ni adùn rẹ̀ wà. Dókítà kọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún mi, mo ń lò ó, ṣùgbọ́n fídíò Lehigh ní 2012 ló ń mú ẹ̀jẹ̀ mi wálẹ̀. Lehigh! Ẹgbẹ́ ipò kẹẹ̀ẹ́dógún! CJ McCollum nìkan fi àmì 30 fọ́ Duke lójú. Ọdún 2014, Mercer tún nà wọ́n ní Raleigh tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn, kí ará ilé lè rí i dáadáa.

Ó wá kan oṣù kẹrin 2025, Duke pẹ̀lú Houston, ní San Antonio. Duke fi àmì 14 ṣíwájú. Mo pa tẹlifíṣọ̀n. Mo tún tàn án. Ohun tó kù kò tó ìṣẹ́jú kan mọ́, wọ́n ṣì fi mẹ́fà ṣíwájú. Ni ayé bá dojú rú. J'Wan Roberts tiwa ju bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ méjì wọlé. Cooper Flagg, ọmọ ìyanu wọn, jù ú, kò dé ibẹ̀. 70 sí 67!

Mo figbe ta. Mo fi ẹsẹ̀ lásán sáré jáde síbi tí à ń gbé ọkọ̀ sí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wo fídíò 1983, ẹ ó rí Jim Valvano, kóòṣì NC State, tó ń sáré kiri, tó ń wá ẹni tó máa dì mọ́. Ọkùnrin tí mo ti ń bú látọjọ́ yìí ni mo dà. Ilẹ̀kùn àkọ́kọ́, títì. Ìkejì, iná ti kú. Ní agboolé wa, bí o bá figbe ta lóru, kí o tó sọ ohun tó dé, ogún èèyàn á ti yọ tàdátàdá. Níbí, mo dúró láàárín mọ́tò onímọ́tò, mo la apá sílẹ̀. Bàbá wa ni mo rántí. Àwọn ló kọ́kọ́ sọ orúkọ Ọlájuwọ́n létí mi, wọn kì í gé e kúrú. Ìwé mi ṣì wà lọ́wọ́ àwọn òyìnbó nígbà tí wọ́n sìnkú wọn. Mi ò lè lọ.

Òtútù sì ń mú mi lẹ́sẹ̀. Mo bá pe Bọ̀dá mi ní Ìsẹ́yìn. Aago mẹ́rin ìdájí ni lọ́dọ̀ wọn.

"Ta ló kú?"

"Duke ni, Bọ̀dá mi! Duke ti kú!"

"Yéè! Ikú dóró! Dúùkù wo?"

"Èyí tó ń fojú wa gbolẹ̀ ní Durham níbí! Ọ̀gá mi á máa sunkún báyìí!"

"Ó mà ṣe o. Ṣé nǹkan wá kàn ọ́ níbẹ̀?"

"Àádọ́rin, Bọ̀dá mi! Àádọ́rin la kó!"

Nẹ́tíwọ̀kì já.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, Dúùkù ti di òyìnbó arúgbó tí kò bímọ, tí mo tọ́jú dọ́jọ́ ikú, tó fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rin dọ́là sílẹ̀ fún mi. Àǹtí mi àgbà, tí kò pè mí mọ́ látìgbà tí wọ́n ti gba owó fìríìjì, fi ohùn ránṣẹ́, ìkíni nìkan gba ìdajì rẹ̀. Ìyá Ìbejì fẹ́ ẹ̀rọ ìlọta. Ọkọ wọn fẹ́ Corolla, ó ní kí n má dá ara mi láàmú lórí tuntun, tòkunbọ̀ náà dára. Káfíńtà ti wà lórí òrùlé bàbá wa, ó ń wọ̀n ọ́n. Ààfáà ṣe àdúà kí Ọlọ́run dárí ẹ̀ṣẹ̀ ji Dúùkù. Pásítọ̀ àdúgbò kò gbẹ́yìn, ó ní irú ìròyìn báyìí kò ní jẹ́ ìkẹyìn láti Amẹ́ríkà. Mo ṣe àmín sí ti pásítọ̀.

Lálẹ́ ni fọ́tò dé. Ẹ má bi mí bí wọ́n ṣe rí télọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Gbogbo ìdílé mi wọ aṣọ ẹbí, búlúù, búlúù Duke gan-an! Gèlè búlúù, fìlà búlúù, ẹ̀jẹ̀ mi ń jẹ ìrẹsì nínú aṣọ ọ̀tá mi. Iye owó ìrẹsì náà wà lábẹ́ fọ́tò.

Mo pè. Mo ní, "Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, bọ́ọ̀lù ni."

Wọ́n mí kanlẹ̀. "Bọ́ọ̀lù ló pa á?"

Lọ́jọ́ Ajé, mo lọ bá ọ̀gá mi. Mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, mo ní, "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè o." Ó ní kí ni mo sọ. Mo ní bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kí kìnnìún lábúlé wa.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, Florida na Houston ní ìparí ìdíje, 65 sí 63. Bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ wa, a ò tiẹ̀ rí i jù. Ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀ ní Ìsẹ́yìn nígbà tí Bọ̀dá mi pè.

"Àbúrò, kí ló ṣe ohùn rẹ?"

"Houston ti kú, Bọ̀dá mi."

"Háà! Òun náà? Ṣé ẹ súnmọ́ra?"

"Òun ni mo fẹ́ràn jù níbí."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ó ga o. Mélòó lòun wá fi sílẹ̀?"

"Mẹ́tàlélọ́gọ́ta."

"Kò tó ti Dúùkù, ṣùgbọ́n kò burú. Fi ìyẹn ránṣẹ́ ná, káfíńtà ò tíì sọ̀ kalẹ̀."