Ògiri Funfun Kọ́ Ló Yẹ Àwòrán Baroque

Ẹni tó bá ti bá àwọn tó ń pàtẹ àwòrán ṣiṣẹ́ rí á ti gbọ́ ọ: "Ẹ kun ògiri ní funfun, kí àwòrán lè yọ." Bí àwòrán bá wá dúdú, wọ́n á ní kí wọ́n fi gílóòbù kún gílóòbù. Fún àwòrán Baroque, ìyẹn àwọn tí wọ́n yà ní Yúróòpù láti nǹkan bí ọdún 1600 títí dé nǹkan bí 1750, ìmọ̀ràn méjèèjì ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni.

Ojú ènìyàn gan-an ni kí á kọ́kọ́ wò. Bí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀ níwájú wa, ọmọ ẹyinjú á kéré. Ògiri funfun kì í gbé ìmọ́lẹ̀ mì. Ojú òǹwòran ló ń dá èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ padà sí. Ojú á wá fi ògiri ṣe òdiwọ̀n. Ìwájú orí tí Rembrandt, ayàwòrán ilẹ̀ Netherlands, kùn tó ń dán bíi wúrà á ṣá. Òkùnkùn ẹ̀yìn rẹ̀, tó ní aṣọ, ọwọ́ àti ilẹ̀kùn nínú, á di dúdú kan ṣoṣo bí èédú. Ẹ dán an wò nílé: ẹ mú fọ́tò tí wọ́n yà lálẹ́, ẹ gbé e sára ògiri funfun, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé e sórí aṣọ tó pọ́n bí osùn. Ẹ ó rí ohun tó fara pa mọ́ sínú òkùnkùn náà.

Ṣé kí á wá fi iná kún iná? Rárá o. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán ìgbà náà ló ń fi ọ̀dà àwọ̀ ilẹ̀ tẹ́ kánfáàsì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ọ̀dà òkè ń fẹ́lẹ́, ti ìsàlẹ̀ ń yọ jáde, fáníìṣì, ìyẹn ohun dídán tí wọ́n fi bo ojú àwòrán, náà sì ń pọ́n. Iná kò lè dá ìyẹn padà. Ohun tí iná tó pọ̀ máa ń ṣe ni pé ó ń kọ mànà lára fáníìṣì, tí òǹwòran á fi máa sún síhìn-ín sún sọ́hùn-ún kó tó rí nǹkan. Nǹkan bí 150 sí 200 lux, ìyẹn òdiwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ́ sójú nǹkan, ni àwọn mùsíọ́mù sábà máa ń fún àwòrán ọ̀dà olóróró. Ó tó, bí ògiri kò bá bá a jà.

Ògiri funfun kì í ṣe àṣà àtayébáyé rárá. Mùsíọ́mù Iṣẹ́ Ọnà Òde-Òní ní New York, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1929, wà lára àwọn tó sọ ọ́ di àṣà, àwọn àwòrán ìgbà tiwọn ni wọ́n sì ń ṣe é fún. Ó yẹ àwọn yẹn, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ààfin Pitti ní Florence, ní Ítálì: lórí aṣọ pupa ni wọ́n gbé ọ̀pọ̀ àwòrán kọ́, férémù ń kan férémù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àjà. Férémù oníwúrà kì í kàn án ṣe ẹ̀ṣọ́. Lórí ògiri tí àwọ̀ rẹ̀ jinlẹ̀, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ti tó láti mú un tàn. Lórí funfun, ó ń dà bí igi tó ti gbó.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sá lọ kun ògiri ní dúdú kirikiri. Àwòrán á dà bíi tẹlifíṣọ̀n tó ń tàn nínú yàrá òkùnkùn. Àwọ̀ wáìnì, àwọ̀ ewé tó gbó, tàbí àwọ̀ eérú tó ṣú ni mo fara mọ́.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì San Luigi dei Francesi ní Róòmù, Caravaggio, ayàwòrán ará Ítálì, ya àwòrán bí Jésù ṣe pe Mátíù fún ògiri apá òsì ilé àdúrà kékeré kan, láàárín 1599 sí 1600. Apá ọ̀tún ni ìmọ́lẹ̀ inú àwòrán ti ń wọlé, apá ibẹ̀ gan-an sì ni fèrèsé òkè pẹpẹ wà. Ó mọ ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ máa gbé kó tó yà á. Nítorí náà, kí wọ́n tó kan ìṣó kan mọ́ ògiri, mo máa ń béèrè ibi tí ìmọ́lẹ̀ inú àwòrán ti ń bọ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀tún, ọ̀tún náà ni gílóòbù ń wà.