Ẹ̀ṣẹ̀ Wo Ni Ẹni Tó Dúró ní Ibùdókọ̀ Ṣẹ̀?

Ó tó gẹ́ẹ́! Ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ ni àwọn ọlọ́pàá fẹ́ràn jù láti máa kó èèyàn. Ọkọ̀ ọlọ́pàá á ṣàdédé dúró ní ibùdókọ̀, wọ́n á bẹ́ sílẹ̀, wọ́n á sì máa ṣa èèyàn kó: télọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ọmọbìnrin tó ń ta omi inú ọ̀rá, bàbá tó jáde wá ra oògùn ibà fún ọmọ. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí àwọn èèyàn wọ̀nyí ṣe, èsì kan ṣoṣo lẹ máa gbọ́: wọ́n fẹ́ da àlàáfíà ìlú rú. Ta ni wọ́n bá jà? Kí ni wọ́n bà jẹ́? Ariwo wo ni wọ́n pa? Kò sẹ́ni tó máa dáhùn, torí kò sí ìdáhùn.

Jímọ̀ yẹn kì í ṣe èèṣì. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, abala 35, sọ pé bí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40 sí ibi tí wọ́n ti mú èèyàn, ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní láti fi gbé e débẹ̀. Bó bá jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọjọ́ méjì ni, àfi tí kóòtù bá rí i pé ó tọ́ kó pẹ́ sí i. Èwo nínú àwọn ìlú ńlá wa ni kò ní kóòtù láàárín kìlómítà 40? Ṣùgbọ́n kóòtù kì í jókòó ní Sátidé àti Sọ́ńdè. Ẹni tí wọ́n bá mú ní aago méje alẹ́ Jímọ̀ á wà lẹ́yìn káńtà di Mọ́ńdè. Kí ilẹ̀ Sátidé tó mọ́ tán, àwọn ẹbí rẹ̀ ti ń yá owó kiri. Owó béèlì ni o, béèlì kan náà tí wọ́n kọ sára ògiri àgọ́ wọn pé ọ̀fẹ́ ni!

Òfin tí wọ́n dì mú wà lóòótọ́, ẹ má jẹ́ ká purọ́. Nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ti ìhà gúúsù, abala 249 ka oríṣi èèyàn mẹ́rin sílẹ̀, ó sì pè wọ́n ní ọ̀lẹ àti adàlúrú: aṣẹ́wó tó ń hùwà àìtọ́ tàbí tó ń fa oníbàárà ní gbangba, ẹni tó ń ṣagbe tàbí tó ń fi ọmọdé ṣagbe, ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́ olówó ní gbangba, àti ẹni tó bá hùwà tó ṣeé ṣe kó da àlàáfíà rú. Ọlọ́pàá lè mú wọn láìsí ìwé àṣẹ, ẹ̀wọ̀n oṣù kan ló sì wà níbẹ̀. Mi ò fara mọ́ fífi alágbe sẹ́wọ̀n rárá, ṣùgbọ́n ó kéré tán, mẹ́ta àkọ́kọ́ dárúkọ ohun tí èèyàn ṣe. Ìkẹrin yẹn ni gbogbo ìwà ìbàjẹ́ ń gbà wọlé. Ó ṣeé ṣe lójú ta ni? Ọlọ́pàá tó dúró níbẹ̀ ló ń wò ó, òun náà ló ń pinnu, òun náà ló tún máa gba owó. Ká ní òfin sọ pé ẹni tó bá dí ọ̀nà, tàbí ẹni tó bá fọ́ ìgò láti fi halẹ̀ mọ́ èèyàn, à bá béèrè ẹ̀rí. Èyí tí wọ́n kọ yìí, ojú lásán ti tó láti fi mú èèyàn.

Kì í tilẹ̀ ṣe tiwa látilẹ̀. Òfin tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1824, láti kó àwọn aláìnílé àti àwọn ọmọ ogun tí kò níṣẹ́ mọ́ kúrò lójú pópó, ni àwọn amúnisìn gbé èdè rẹ̀ wá sínú ìwé òfin tó di ti gbogbo Nàìjíríà lọ́dún 1916. A gba òmìnira ní 1960, a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tuntun tirẹ̀ ní 2011, ẹ̀sùn dída àlàáfíà rú ò kúrò níbẹ̀.

Ti wándárìn ló tún ń múnú bí mi jù. Ọdún 1989 ni òfin ìjọba ológun ti sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ fi rírìn kiri lásán kan ẹnikẹ́ni lẹ́sùn mọ́. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún! Síbẹ̀, ẹ dé àgọ́ lálẹ́ òní, ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu ọlọ́pàá tí wọn ò tíì bí nígbà tí ẹ̀sùn náà kú. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá 2020, Ilé-ẹjọ́ Áfíríkà tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, èyí tó wà ní Arusha, sọ ọ́ kedere pé irú òfin báyìí tako ìwé àdéhùn ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn Áfíríkà, ìwé tí Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ti sọ di òfin ilé láti 1983. Ní Màláwì, Mayeso Gwanda ń lọ ta àpò ọ̀rá lọ́jà ní ìdájí ni ọlọ́pàá bá mú un. Ó pe ẹjọ́, ó sì jàre lóṣù Kìíní 2017; kóòtù gíga wọ́gi lé òfin tí wọ́n fi mú un. Kí ló ń dá àwa dúró?

Níbi tí ìdàlúrú gan-an wà ńkọ́? Agbèrò ń yọ dígí ọkọ̀ akérò lójú ọlọ́pàá. Àwọn kan ń bọ́ aṣọ jà láàárín títì. Abala 83 ìwé òfin kan náà dárúkọ ìjà ní gbangba, ó sì fi ẹ̀wọ̀n ọdún kan dè é. Kò sí iyèméjì nínú ìyẹn, ẹ̀rí ń bẹ lójú ẹni gbogbo. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń jà lè bá ọlọ́pàá náà jà. Télọ̀ tó dúró jẹ́ẹ́ ló rọrùn láti gbé.

Bí wọ́n bá gbé ẹni yín, ẹ má jẹ́ kó jà, kó má sì sá. Ìjà yẹn gan-an ni wọ́n ń wá, kí ẹ̀sùn tí kò nídìí lè rí ìdí. Kó béèrè ohun tó ṣe, ibi tó ti ṣe é àti aago tó ṣe é. Abala 35 pàṣẹ pé kí wọ́n kọ ìdí tí wọ́n fi mú èèyàn sílẹ̀ fún un láàárín wákàtí 24, ní èdè tó gbọ́. Ó tún fún un láyè láti panu mọ́ títí tó fi máa rí agbẹjọ́rò tàbí ẹlòmíì tó bá fẹ́. Orí sítétímẹ́ǹtì ni ọ̀pọ̀ ti ń kó sí páńpẹ́: ọlọ́pàá á ní òun á bá ẹ kọ ọ́, á wá kọ pé o wà láàárín àwọn kan tó kóra jọ. Ibi tó o ti ń bọ̀, ibi tó ò ń lọ àti aago tí wọ́n mú ẹ nìkan ni kó o kọ síbẹ̀, ó tán. Má fọwọ́ sí i tí wọn ò bá kà á sí ẹ létí ní Yorùbá, kó o sì fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn kí wọ́n má baà fi nǹkan kún un. Fóònù àti owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹ gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé tí ìwọ àti ọlọ́pàá jọ fọwọ́ sí. Abala 10 òfin ìṣàkóso ìdájọ́ ìwà ọ̀daràn ti 2015 ló sọ bẹ́ẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ sì ní irú tiwọn. Òfin yẹn kan náà, ní abala 167, sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ kọ obìnrin ní onídùúró nítorí pé ó jẹ́ obìnrin. Ẹ lọ wo iye ìyá tí wọ́n ń lé padà lẹ́nu géètì pé kí wọ́n lọ pe ọkọ wọn wá!

Tó bá dé kóòtù, ẹnì kan á sún mọ́ ọn, á ní kó ṣáà gbà pé òun jẹ̀bi kó lè san owó ìtanràn, kó tètè relé. Kó má gbà o! Ẹni tó bá ti gbà, orúkọ ọ̀daràn ti mọ́ ọn lórí nìyẹn, bí kò bá sì rí owó náà san, ẹ̀wọ̀n ló ń lọ.

Abala 35 yẹn náà sọ pé ẹni tí wọ́n mú láìtọ́ ní ẹ̀tọ́ sí owó gbà-má-bínú àti ìtúúbá ní gbangba. Ta ló ti gbọ́ ìtúúbá yẹn rí ní ibùdókọ̀ tí wọ́n ti mú un? Ẹ̀yin aṣòfin ìpínlẹ̀, abẹ́ ọwọ́ yín lọ̀rọ̀ yìí wà. Ẹ yọ ìlà kẹrin abala 249 yẹn kúrò, ti ìwà tó ṣeé ṣe kó da àlàáfíà rú. Ìwà tí ẹ ò bá fẹ́ ní gbangba, ẹ dárúkọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọlọ́pàá tó bá mú èèyàn gbọ́dọ̀ kọ èyí tó ṣe, ibi tó ti ṣe é àti ẹni tó rí i, kó tó ti ilẹ̀kùn sẹ́ẹ̀lì.