Ẹnì kan ṣoṣo ló ti ààfin wá sin Leibniz

Inú mi ṣì ń ru láti ọjọ́ Sátidé. Níbi ìgbéyàwó kan, wọ́n bi mí pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe, mo ní mò ń tọ́jú ilé ìkàwé. Bàbá tó jókòó tì mí wò mí tìkà-tẹ̀gbin, wọ́n ní, "Gbogbo ìwé tóo kà yìí, ìwé lo wá ń tò?" Tábìlì bú sẹ́rìn-ín. Àgbà ni wọ́n, mi ò lè fèsì. Ẹ jẹ́ kí n fèsì níbí.

Àwọn tó kọ́ ìṣirò mọ Gottfried Wilhelm Leibniz, ẹni tó kọ́kọ́ tẹ kálíkúlọ́ọ̀sì, ìṣirò bí nǹkan ṣe ń yí padà, jáde lọ́dún 1684 (kí àwọn tó ń gbè lẹ́yìn Newton, ará Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ní òun ló kọ́kọ́ ṣàwárí rẹ̀, ṣì dákẹ́ ná). Òun náà ló ṣe ẹ̀rọ tó ń ro iye pọ̀, tó ń yọ ọ́, tó ń sọ ọ́ di púpọ̀, tó sì ń pín in. Ṣé ẹ mọ iṣẹ́ tí wọ́n gbà á sí? Olùtọ́jú ilé ìkàwé ààfin ni! Láti 1676 títí ó fi kú, ìwé àwọn olórí Hanover ní Jámánì wà lábẹ́ rẹ̀. Ní 1691, wọ́n tún fi ilé ìkàwé ìlú Wolfenbüttel kún un, ó sì mú kí wọ́n kọ orúkọ àwọn òǹkọ̀wé ibẹ̀ sílẹ̀ ní ètò álífábẹ́ẹ̀tì, kí ẹni tó ń wá ìwé lè tètè rí i. Ìwé títò náà nìyẹn.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kú ní Leipzig. Ìwé tí bàbá náà fi sílẹ̀ ló tọ́ ọ, inú wọn ló ti kọ́ Látìn fúnra rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe lò ó ló ń dùn mí. Ní 1685, àwọn olórí Hanover ní kó kọ ìtàn ìdílé àwọn. Láti 1687 sí 1690, ó ń káàkiri Jámánì, Austria àti Ítálì, ó ń tú ìwé àtijọ́ wò, títí ó fi rí ẹ̀rí ní Modena pé ìdílé náà bá ìdílé Este, ìdílé ọlọ́lá kan ní Ítálì, tan. Nígbà tó di 1714, ọ̀gá rẹ̀, Georg Ludwig, jọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Leibniz fẹ́ bá wọn lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ní kó jókòó sí Hanover, kó parí ìtàn.

Ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá ọdún 1716 ló kú. Kò níyàwó, kò bímọ. Ta ni ìbá ṣe òkú rẹ̀ bí kì í bá ṣe ilé tó sìn fún ogójì ọdún? Ọba ò jìnnà sí Hanover lásìkò yẹn. Wọ́n pe ààfin síbi ìsìnkú, Eckhart akọ̀wé rẹ̀ nìkan ló yọjú. Sàréè náà wà fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún láìní àmì kankan.

Àwọn kan á ní òun náà fi iṣẹ́ falẹ̀. Ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ tó ti gba iṣẹ́ ìtàn yẹn, ìtàn ọdún 1005 ló kọ ọ́ dé tó fi kú. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ kọ ìtàn ìdílé, tó kọ́kọ́ ń wádìí bí ilẹ̀ àti òkúta ṣe dáyé, ọ̀lẹ kọ́ nìyẹn.

Ohun tó wá ń dà mí láàmú ni pé bó ṣe kú ni wọ́n ti àwọn ìwé rẹ̀ mọ́lé, wọ́n ń bẹ̀rù àṣírí ààfin. Ìtìmọ́lé yẹn ló jẹ́ kí nǹkan bí 200,000 ojú ìwé yè dòní ní Hanover, lẹ́tà bí 15,000 wà nínú wọn. Láti 1923 ni wọ́n ti ń tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní ìdìpọ̀-ìdìpọ̀, wọn ò tíì parí. Àwọn tí ò wá sin ín ló pa iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Alẹ́ àná ni mo ka ìyẹn, mi ò sì mọ bó ṣe yẹ kí n bínú sí wọn tó mọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti rántí pé Eckhart nìkan ló dúró síbẹ̀, inú mi á tún ru.