Oòrùn Kò Lè Fún Ènìyàn Ní Ibà

Bí ènìyàn bá dúró díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ alágbo ní Bẹẹrẹ tàbí ní Ọjà Ọba nílùú Ìbàdàn láàárọ̀, yóò gbọ́ bí àwọn oníbàárà ṣe ń ṣàlàyé ohun tó ń ṣe wọ́n. Bíríkìlà á ní oòrùn àná ló wọ òun lára. Aláàárù á ní iṣẹ́ ló pọ̀ jù. Ìyá ọlọ́mọ á ní ọbẹ̀ tí ọmọ òun jẹ ní ìjẹta ló kún fún epo pupa, òun sì ti mọ̀ pé ibà ni yóò kẹ́yìn rẹ̀. Alágbo kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn, nítorí pé inú ìkòkò kan náà ni yóò ti bù fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Inú ilé tí wọ́n ti gba èyí gbọ́ ni èmi náà ti dàgbà. Ìyá mi kì í jẹ́ kí a ṣeré nínú oòrùn ọ̀sán, kí ibà má baà ṣe wá.

Ìgbàgbọ́ yìí kò tọ̀nà, ṣùgbọ́n kì í ṣe òmùgọ̀ ló dá a sílẹ̀. Èdè wa fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ kó wa sí i. Ara gbígbóná ni à ń pè ní ibà, èyí tó jẹ́ àmì tí oríṣiríṣi àìsàn máa ń mú wá. Orúkọ yìí kan náà la tún fún àrùn kan pàtó, èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní malaria. Ẹni tó bá ru búlọ́ọ̀kù láti àárọ̀ títí di aago méjì ọ̀sán láìmu omi, orí rẹ̀ lè máa fọ́, ara rẹ̀ sì lè gbóná bí ẹni tí wọ́n yan lórí iná. Òótọ́ ni pé oòrùn ló fa ìyẹn, omi tútù, ibòji àti ìsinmi ló sì ń wò ó. Bí ó bá pọ̀, ó lè pa ènìyàn pàápàá. Ṣùgbọ́n àrùn tí mo ń sọ yìí yàtọ̀: kòkòrò abẹ̀mí kan ló ń fà á, inú ẹ̀jẹ̀ ló sì ń gbé. Bí kòkòrò náà kò bá wọlé, kò sí oòrùn tó lè dá a sínú ara ẹnikẹ́ni.

Ẹ wo ojú ọjọ́ Ìbàdàn. Oṣù kejì àti oṣù kẹta ni oòrùn máa ń mú jù lọ níbí, tí páànù orí ilé á máa jó bí ààrò. Bí oòrùn bá ni ọ̀gá ibà, ìgbà yẹn ló yẹ kí ó ṣọṣẹ́ jù. Àmọ́ ìgbà òjò ni ibà máa ń gbilẹ̀, nígbà tí ìkùukùu ti bo ojú ọ̀run tí adágún omi sì wà níbi gbogbo. Ẹ tún wo United Arab Emirates, orílẹ̀-èdè àwọn Lárúbáwá níbi tí Dubai wà. Ooru ibẹ̀ ju tiwa lọ fíìfíì, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń kọ́lé nínú rẹ̀; síbẹ̀, ní 2007, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ibà ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè náà. Ti iṣẹ́ àṣejù ńkọ́? Nínú gbogbo àwọn tí ibà ń pa ní ilẹ̀ Áfíríkà, bíi mẹ́ta nínú mẹ́rin ló jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Iṣẹ́ wo ni ọmọ ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ṣe?

Kí a má sì rò pé àwa nìkan la ṣìnà. Èdè Itálì ni ọ̀rọ̀ náà "malaria", "afẹ́fẹ́ burúkú" ló sì túmọ̀ sí, nítorí pé àwọn òyìnbó gbà fún ọ̀pọ̀ ọdún pé afẹ́fẹ́ tó ń jáde láti inú irà ló ń fà á. Ní 1880, oníṣègùn ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Alphonse Laveran, rí kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ní Algeria. Ní 1897, oníṣègùn mìíràn, Ronald Ross, rí i nínú ikùn ẹ̀fọn ní Íńdíà. Bí ẹ̀rí ṣe wà nílẹ̀ tó yìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbà. Nítorí náà, ní 1900, Patrick Manson, oníṣègùn kan tó wà ní London, ṣètò ìdánwò méjì tí mo rò pé ó yẹ kí gbogbo ọmọ ilé ìwé wa mọ̀. Oníṣègùn méjì, Luigi Sambon àti George Low, lọ gbé inú ahéré kan nítòsí Ostia, lẹ́bàá Róòmù, ní àkókò tí ibà ń dá àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ dùbúlẹ̀. Wọ́n fi àwọ̀n wáyà bo fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà. Lọ́sàn-án, wọ́n ń rìn káàkiri bí ó ti wù wọ́n. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti wọlé. Afẹ́fẹ́ irà ń gba inú àwọ̀n kọjá sọ́dọ̀ wọn, ẹ̀fọn nìkan ni kò rí àyè. Wọn kò lo kuiníìnì, òògùn ibà ìgbà náà, ibà kò sì ṣe wọ́n. Nínú ìdánwò kejì, wọ́n fi ẹ̀fọn tó ti mu ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ní Róòmù ránṣẹ́ sí London, ọmọ Manson fúnra rẹ̀ sì gbà kí wọ́n jẹ òun. Ibà kọlù ú ní London, ìlú tí gbogbo wa mọ̀ mọ́ òtútù. Ohun tí ìyá ọmọ náà yóò ti sọ nílé, ẹ jẹ́ kí á fi sílẹ̀.

Kí ló wá dé tí ojú wa fi ń tàn wá? Iye ọjọ́ tó wà láàárín ni. Abo ẹ̀fọn Anopheles, tó jẹ́ pé òru ló máa ń jẹun jù, ló ń tu kòkòrò yìí sínú ẹ̀jẹ̀. Kò ní tó wákàtí kan tí kòkòrò náà yóò fi sá wọ inú ẹ̀dọ̀, níbi tí yóò ti máa bí sí i fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan láìsí pé ẹni náà mọ nǹkan kan. Ẹ̀yìn èyí ni yóò jáde sínú ẹ̀jẹ̀, tí yóò máa wọ inú sẹ́ẹ̀lì pupa, tí yóò sì máa fọ́ wọn ní bíi wákàtí 48 sí 48. Fífọ́ yìí ló ń mú òtútù, ìgbọ̀nrìrì àti ara gbígbóná wá. Ẹ̀fọn tó jẹ bíríkìlà wa ti jẹ ẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì sẹ́yìn, bóyá nígbà tó ń sùn. Ta ló ń rántí ẹ̀fọn ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn? Oòrùn àná ló wà lọ́kàn rẹ̀, òun ló sì di ẹ̀bi rù.

Ti epo pupa kò le rárá. Bí sẹ́ẹ̀lì pupa bá ń fọ́, àwọ̀ ofeefee kan máa ń jáde nínú wọn, òun ló ń mú kí ojú àti ìtọ̀ pọ́n. Ẹni tó rí ojú pípọ́n yìí ronú kan ohun pípọ́n tó wà nínú ìkòkò ọbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni aláìsàn tí èébì ń gbé kì í fẹ́ gbóòórùn epo, èyí tó mú kí epo dà bí ọ̀tá rẹ̀.

Inú Ìbàdàn yìí gan-an ni a ti lè rí i pé kì í ṣe gbogbo ara gbígbóná ni ibà ẹ̀fọn. Ní 1964, àwọn olùwádìí rí fáírọ́ọ̀sì kan lára eégbọn màlúù níbí, wọ́n sì sọ ọ́ ní Dugbe. Ó lè mú kí ara ènìyàn gbóná. Òmíràn wà tí wọ́n fi Igbó-Ọrà sọ, tó máa ń mú ara gbígbóná àti oríkèé ríro wá.

Àgbo ńkọ́? Èmi kì í bú u. Ara igi ni kuiníìnì ti wá, ara ewéko ilẹ̀ Ṣáínà ni Tu Youyou sì ti rí artemisinin, òògùn ibà tó gba ẹ̀bùn Nobel fún ní 2015. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ẹni tó bá gbà pé oòrùn ló ṣe òun kò ní ṣe àyẹ̀wò, yóò kàn ní kí kẹ́mísì po òògùn fún òun. Láti 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí a máa yẹ ẹ̀jẹ̀ gbogbo ẹni tí a bá fura sí wò kí a tó fún un ní òògùn. Wọ́n á gún ìka, ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan, èsì á jáde ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 20. Bí a bá rí kòkòrò náà, òògùn artemether àti lumefantrine jẹ́ ti ọjọ́ mẹ́ta, ìgbà mẹ́fà ni a ó lò ó, kódà bí ara bá ti yá ní ọjọ́ kejì. Kòkòrò náà ti borí chloroquine, òògùn ibà tí a ń lò tẹ́lẹ̀, títí ìjọba Nàìjíríà fi pa á tì ní 2005.

Bí ó bá ti jẹ́ pé ẹ̀fọn ni, ibi tó ń gbé ló kù. Gọ́tà dúdú tí gbogbo wa ń pariwo lé lórí, ẹ̀fọn oríṣi mìíràn ló pọ̀ níbẹ̀ jù. Anopheles fẹ́ràn omi òjò tó mọ́, tí oòrùn ń tàn sí, bí èyí tó dúró sí ojú ẹsẹ̀ táyà ní ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà. Àwọn aládùúgbò mi ní ooru inú nẹ́ẹ̀tì tí a fi ń dènà ẹ̀fọn pọ̀, òótọ́ sì ni, pàápàá tí iná bá lọ. Mo ṣì ń sùn sínú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà tí wọ́n ń pè ní R21 náà ti dé. Kebbi àti Bayelsa ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọdé ní 2024.

Bí ara ọmọ kan bá gbóná nílé wa báyìí, ìyá mi ṣì máa ń sọ pé oòrùn ni. Ṣùgbọ́n yóò ti pọ̀n ọ́n, yóò ti dé ẹnu ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò, kó tó sọ ọ́ tán.